Àkókò láti Ojú Ọ̀run: Bí A Ṣe Lè Gbé Ẹ́ríàlì Sátẹ́láìtì àti Ẹ̀rọ Asọ-Àkókò Kalẹ̀ Nílé ní Ìjẹ̀bú-Òde

1. Ìfáàrà

Kí aago tó dé ilẹ̀ Yorùbá, a kò ṣàìmọ bí a ti í ka àkókò. Àkùkọ kọ, ilẹ̀ mọ́. Oòrùn gòkè, ó di ìyálẹ̀ta. Oòrùn dé àtàrí, ó di ọ̀sán gangan. Ó yẹ̀ sí apá kejì, ó di ìrọ̀lẹ́. Ojú ọ̀run ni aago àwọn baba ńlá wa. Lẹ́yìn gbogbo ìrìn tí aago ti rìn, láti ara ògiri dé ọrùn ọwọ́, láti ọrùn ọwọ́ dé inú kọ̀ǹpútà, ojú ọ̀run náà ni a tún padà sí. Aago tí ó péye jù lọ tí ọwọ́ mẹ̀kúnnù lè tó lónìí, orí òrùlé ni a ti ń gbà á wọlé.

Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú àpilẹ̀kọ yìí ni láti ṣàlàyé bí ẹni tí ó ń gbé Ìjẹ̀bú-Òde ṣe lè gbé ẹ́ríàlì sátẹ́láìtì sórí ilé rẹ̀, kí ó sì fi ẹ̀rọ kékeré kan sínú yàrá tí yóò máa sọ àkókò fún gbogbo kọ̀ǹpútà tí ó wà nílé. Sáfà àkókò ni àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń pe ẹ̀rọ yìí. Àwa yóò máa pè é ní ẹ̀rọ asọ-àkókò. Ìdí tí a fi yan orúkọ náà yóò hàn níwájú.

Ìdí méjì ni ọ̀rọ̀ yìí fi kan àwa olùkọ́ àti olùdánwò Yorùbá. Èkíní ni pé ìdánwò ti ń kúrò lórí ìwé bọ́ sórí kọ̀ǹpútà, a kò sì lè sọ pé a ṣe ẹ̀tọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ bí aago tí a fi ń ka àkókò rẹ̀ bá ń parọ́. Èkejì ni pé a máa ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn kan pé èdè Yorùbá kò ní ohun tí a lè fi ṣàlàyé irú nǹkan báyìí. Èsì tí ó dára jù lọ fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni kí a ṣe àlàyé náà, kí òǹkàwé fúnra rẹ̀ wò ó bóyá ó yé òun tàbí kò yé òun.

2. Ọ̀sán gangan àti aago méjìlá

Bí a bá bi ọmọ ilé-ìwé léèrè pé aago mélòó ni ọ̀sán gangan, yóò dáhùn pé aago méjìlá ni. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, kò rí bẹ́ẹ̀. Àkókò tí gbogbo Nàìjíríà ń lò fi wákàtí kan ṣíwájú àkókò àgbáyé tí a ń pè ní UTC, ó sì ti wà bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1919. Àwọn ìlú tí ó wà lórí ìlà 15° ní ìlà-oòrùn Greenwich ni oòrùn ti ń bá àkókò yìí mu. Ìjẹ̀bú-Òde kò dé ibẹ̀. Nǹkan bí 3.9° ni ó wà. Bẹ́ẹ̀ ni oòrùn ń fi ìṣẹ́jú 4 rin 1° kọ̀ọ̀kan. Bí a bá ṣírò rẹ̀, a ó rí i pé nǹkan bí aago 12 kọjá ìṣẹ́jú 44 ni oòrùn ń dé góńgó rẹ̀ lókè Ìjẹ̀bú-Òde, bí a bá mú ọdún pọ̀ ní ìwọ̀n. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kọkànlá, a máa yá tó nǹkan bí aago 12 kọjá ìṣẹ́jú 28; ní àárín oṣù Kejì, a máa pẹ́ tó nǹkan bí aago 12 kọjá ìṣẹ́jú 58.

Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín gbólóhùn méjèèjì yìí ṣe pàtàkì. Ọ̀sán gangan jẹ́ ọ̀rọ̀ nípa oòrùn. Ẹnikẹ́ni tí ó bá lójú lè rí i. Aago méjìlá jẹ́ àdéhùn láàárín àwọn ènìyàn, àdéhùn kò sì ṣeé fi ojú rí. Ó di dandan kí ẹnìkan máa pa á mọ́, kí àwọn yòókù sì máa gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Lónìí, àwọn aago átọ́ọ̀mù tí ó wà káàkiri àgbáyé ni ó ń pa àdéhùn yìí mọ́. Ìbéèrè tí ó kù ni pé: báwo ni ilé kan ní Ìjẹ̀bú-Òde yóò ṣe máa gbọ́ ọ?

3. Bí ẹ́ríàlì sátẹ́láìtì ṣe dé ọ̀dọ̀ wa

Ọ̀rọ̀ sátẹ́láìtì kì í ṣe àjèjì ní agbègbè wa. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹjọ ọdún 1963, Ààrẹ John F. Kennedy ti Amẹ́ríkà bá Olórí Ìjọba Nàìjíríà, Abubakar Tafawa Balewa, sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù láti orí sátẹ́láìtì Syncom 2. Nígbà náà, odidi ọkọ̀ ojú omi kan, USNS Kingsport, tí ó gúnlẹ̀ sí èbúté Èkó, ni a fi gbé ẹ́ríàlì tí ó gba ọ̀rọ̀ náà. Ní ọdún 1971, ibùdó sátẹ́láìtì tí a kọ́ sí Láńlátẹ̀ ní ilẹ̀ Ìbàràpá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, tòun ti ẹ́ríàlì ràgàjì tí ó ń gbé ìpè tẹlifóònù láti Nàìjíríà lọ sí òkè òkun.

Láti ìgbà náà ni ẹ́ríàlì ti ń kéré sí i. Ó kọ́kọ́ di díìṣì tí ọkùnrin méjì lè gbé gun orí òrùlé. Nígbà tí Starlink bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà ní oṣù Kìíní ọdún 2023, ó di pátákó pẹrẹsẹ tí ẹnìkan ṣoṣo lè gbé. Ní ti ẹ́ríàlì tí a fi ń gba àkókò, kò ju ohun tí ó lè wọ àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ohun tí odidi ọkọ̀ gbé ní ọdún 1963 ti di ohun tí ọmọ ilé-ìwé lè fi sí àpò.

4. Ẹ́ríàlì méjì, iṣẹ́ méjì

Èrò tí ó wọ́pọ̀ ni pé ohun kan náà ni gbogbo ẹ́ríàlì sátẹ́láìtì. Ẹni tí ó ní díìṣì tẹlifíṣọ̀n lórí ilé lè rò pé òun lè fi gba àkókò tí ó péye. Kò ṣeé ṣe, nítorí pé ọ̀nà tí àwọn méjèèjì fi ń wo ojú ọ̀run yàtọ̀ síra.

Díìṣì a máa wo ojú kan ṣoṣo. Òkè ìlà agbedeméjì ayé ni sátẹ́láìtì tẹlifíṣọ̀n wà, ní ibi tí ó ga tó kìlómítà 35,786. Ní ibi gíga yìí, bí ayé ti ń yí ni òun náà ń yí, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi dà bí ẹni pé ó dúró sójú kan. Ìdí nìyí tí a fi lè de díìṣì mọ́ òpó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí a ó sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Fún ẹni tí ó wà ní Ìjẹ̀bú-Òde, ìlú mẹ́rin tó láti fi mọ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ayé: Ìbàdàn wà ní àríwá, Ẹ̀pẹ́ wà ní gúúsù, Ọ̀rẹ̀ wà ní ìlà-oòrùn, Ṣàgámù sì wà ní ìwọ̀-oòrùn. Sátẹ́láìtì Eutelsat tí DStv ń lò wà lórí ìlà 36° ní ìlà-oòrùn. Bí a bá ṣe ìṣirò rẹ̀ láti Ìjẹ̀bú-Òde, nǹkan bí 101° láti àríwá ni díìṣì yóò kọjú sí, ìyẹn apá Ọ̀rẹ̀, kí ó yẹ̀ díẹ̀ sí gúúsù. Yóò sì wo òkè tó nǹkan bí 52°. NigComSat-1R tí í ṣe ti Nàìjíríà, tí a gbé lọ sójú ọ̀run ní oṣù Kejìlá ọdún 2011, wà lórí ìlà 42.5°. Apá kan náà ni a ó kọjú sí láti rí i, ṣùgbọ́n nǹkan bí 45° ni a ó wò sókè. Kí ojú má ṣe tan ẹni tí ó ń so díìṣì kékeré: ibi tí díìṣì náà ń wò ga ju ibi tí ojú rẹ̀ dà bí ẹni pé ó kọ sí lọ, nítorí ìsàlẹ̀ ni a ṣe apá tí ó mú LNB sí. Ohun tí ó ṣe pàtàkì jù ni kí òpó dúró ṣánṣán. Bí òpó bá wọ́, kò sí ìṣirò tí ó lè bá díìṣì mu mọ́.

Ẹ́ríàlì àkókò kì í wo ojú kan. Gbogbo ojú ọ̀run ni ó ń wò lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn sátẹ́láìtì GPS tí ó ń gbọ́ràn sí lẹ́nu wà ní nǹkan bí kìlómítà 20,200 sókè, wọ́n sì ń yí ayé ká ní nǹkan bí ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́. Ètò tí a gbé kalẹ̀ fún wọn ni pé kí wọn má ṣe dín ní 24. Rọ́ṣíà ní tirẹ̀ tí ó ń jẹ́ GLONASS, àwọn ará Yúróòpù ní Galileo, Ṣáínà ní BeiDou. Ẹ̀rọ òde òní sì lè gbọ́ gbogbo wọn pọ̀. Bí ọ̀kan ti ń wọ̀ ni òmíràn ń yọ. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, bẹ́ẹ̀ ni ẹ́ríàlì àkókò kò gbára lé sátẹ́láìtì kan.

Aago átọ́ọ̀mù wà nínú sátẹ́láìtì kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ tí ó ń jẹ́ fún wa láìdákẹ́ kò ju gbólóhùn méjì lọ: ‘Ibi báyìí ni mo wà, àkókò báyìí ni mo sọ̀rọ̀.’ Iṣẹ́ náà ń sáré bí ìmọ́lẹ̀, ìyẹn nǹkan bí 300,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Síbẹ̀, bí sátẹ́láìtì bá tilẹ̀ wà ní àtàrí wa gan-an, iṣẹ́ náà yóò lo nǹkan bí ìdá 67 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá kí ó tó dé. Ẹ̀rọ tí ó ń gba iṣẹ́ náà, èyí tí a ó máa pè ní agbàmì, gbọdọ̀ mọ ibi tí òun wà kí ó tó lè mọ iye àkókò tí iṣẹ́ fi rìn. Ìdí nìyí tí ó fi nílò sátẹ́láìtì mẹ́rin ní ìbẹ̀rẹ̀: mẹ́ta fún ibi tí ó wà, ọ̀kan fún àkókò. Nígbà tí ó bá ti mọ ibi tí ó wà dájú, tí a kò sì gbé ẹ́ríàlì kúrò, sátẹ́láìtì kan ṣoṣo tó fún un láti máa mọ àkókò.

Àmì tí ó ń bọ̀ láti òkè yìí fúyẹ́ púpọ̀. Ariwo tí ó wà nínú afẹ́fẹ́ bò ó mọ́lẹ̀ pátápátá, bí ó bá sì jẹ́ etí lásán ni, a kò lè gbọ́ ọ. Ohun tí ó gba agbàmì là ni pé ó ti mọ bí ìlù sátẹ́láìtì kọ̀ọ̀kan ti ń dún tẹ́lẹ̀. Bí òwe bí òwe ni à ń lu ìlù àgídìgbo: ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Agbàmì ni ọ̀mọ̀ràn tí ó lè yọ ìlù tí ó mọ̀ kúrò láàárín ariwo ọjà.

5. Bí a ti í gbé e kalẹ̀

Èkíní ni ibi tí ẹ́ríàlì yóò wà. Àmì yìí kò lè la páànù kọjá, kò sì fi bẹ́ẹ̀ lè la kọnkéré. Nítorí náà, orí òrùlé ni ààyè rẹ̀ tàbí ibi tí ó yọ kúrò lábẹ́ òrùlé. Bí igi obì, igi máńgòrò tàbí ọ̀pẹ bá ṣíji bò ó, àwọn ewé náà yóò máa jẹ nínú àmì náà, pàápàá nígbà tí òjò bá rìn wọ́n. Bí kò bá sí ọ̀nà tí a ó gbà kí ògiri má dí apá kan, kí ó jẹ́ apá Ìbàdàn ni. Bí àwọn sátẹ́láìtì GPS ti ń rìn mú kí ìsàlẹ̀ ojú ọ̀run àríwá gan-an máa ṣófo ní ọ̀dọ̀ wa, nítorí náà ohun tí a ó pàdánù níbẹ̀ kò tó nǹkan. Apá Ọ̀rẹ̀ àti apá Ṣàgámù ni kí a má ṣe jẹ́ kí ohunkóhun dí.

Èkejì ni dídè é mọ́lẹ̀. Òòfà ni ó wà ní ìdí ọ̀pọ̀ ẹ́ríàlì kékeré, kí ó lè lẹ̀ mọ́ irin. Ṣùgbọ́n òòfà kì í mú alumíníọ̀mù, èyí tí a fi bo ọ̀pọ̀ ilé tuntun. Ẹni tí ó bá gbé e lé irú òrùlé bẹ́ẹ̀ láìdè é, ìjì àkọ́kọ́ ni yóò gbé e lọ. Kí a wá pèpéle irin kékeré kan, kí a fi bóòtù kàn án mọ́ igi òrùlé, kí ẹ́ríàlì tó jókòó lé e.

Ẹ̀kẹta ni wáyà. Kí a fa wáyà wọlé ní ibi tí omi kò ní bá a wọlé: kí ó kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀ rélànà ihò ògiri, kí ó tó yí padà gòkè wọ inú ihò náà. Omi òjò yóò máa kán sílẹ̀ níbi tí wáyà ti yí padà. Kí a má sì fa wáyà gùn ju bí ó ti yẹ lọ, nítorí bí ó bá ti ń gùn ni àmì ń rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ni ààrá. Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú kì í ṣe ibi tí a ti í fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Kí ẹ́ríàlì má ṣe jẹ́ ohun tí ó ga jù lọ lórí ilé. Òpó irin gbọdọ̀ ní wáyà tí ó so ó mọ́ irin tí a rì mọ́lẹ̀, èyí tí àwọn oníná ń pè ní ẹ́ẹ̀tì. Ó sì yẹ kí ohun tí ó ń gba agbára ààrá wà lójú wáyà kí ó tó wọ yàrá. Bí kò bá sí èyí, kí a yọ wáyà kúrò lára ẹ̀rọ kí òjò tó dé, nítorí iṣẹ́ oníná tí ó mọṣẹ́ ni ìyókù.

Ẹ̀karùn-ún ni agbàmì àti kọ̀ǹpútà kékeré tí yóò bá a ṣiṣẹ́. Raspberry Pi ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò, nítorí pé kò jẹ iná púpọ̀, bátìrì kékeré sì lè gbé e fún wákàtí púpọ̀ bí iná bá lọ. Kí a yan agbàmì tí ó ní wáyà ìlù, ìyẹn wáyà tí ń fúnni ní ìlù kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ tí agbàmì ń kọ ránṣẹ́ máa ń sọ pé aago báyìí ni ó lù, ṣùgbọ́n ó lè pẹ́ lójú ọ̀nà. Ìlù yìí ni ó ń sọ ojú ẹsẹ̀ náà gan-an. Ẹni tí ó bá fi ìlù sílẹ̀ tí ó gba ọ̀rọ̀ nìkan ti pàdánù ohun tí ó torí rẹ̀ gun òrùlé.

Kí a sì ṣọ́ra fún agbàmì tòkunbọ̀ tí ó ti pẹ́ jù. Ọ̀sẹ̀ ni GPS fi ń ka ọjọ́, láti ọjọ́ kẹfà oṣù Kìíní ọdún 1980, àmì rẹ̀ àtilẹ̀bá kò sì lè kà ju 1,024 lọ kí ó tó tún bẹ̀rẹ̀. Ó ti yí padà bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1999 àti ní oṣù Kẹrin ọdún 2019. Yóò tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọdún 2038. Ẹ̀rọ àtijọ́ tí kò mọ èyí lè sọ wákàtí tí ó tọ́, kí ó sì fi nǹkan bí ogún ọdún ṣi ọdún sọ.

Ẹ̀kẹfà ni ètò tí yóò ṣiṣẹ́ nínú kọ̀ǹpútà kékeré náà. Méjì ni: gpsd tí ń gbọ́ ọ̀rọ̀ agbàmì, àti chrony tí ń tún aago kọ̀ǹpútà ṣe, tí ó sì ń dá àwọn tí ó bá bèèrè lóhùn. Ní ìgbà àkọ́kọ́, kí a fi ẹ̀rọ sílẹ̀ jẹ́ẹ́. Ìṣẹ́jú 12 àti àbọ̀ ni sátẹ́láìtì GPS fi ń ka gbogbo ìròyìn rẹ̀ tán kí ó tó tún un bẹ̀rẹ̀. Nínú ìròyìn yìí ni agbàmì ti ń gbọ́ pé àkókò GPS fi ìṣẹ́jú àáyá 18 ṣíwájú UTC, bí ó ti wà láti ọjọ́ kìíní ọdún 2017. Agbàmì tí kò tíì gbọ́ èyí lè máa fi ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ṣìnà.

Ìkéje ni kí a fún ẹ̀rọ náà ní àdírẹ́sì tí kì í yí padà, kí a sì lọ sínú ètò àkókò kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan nínú ilé, kí a kọ àdírẹ́sì náà síbẹ̀. UTC ni asọ-àkókò ń sọ; kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ni yóò fi wákàtí kan kún un, bí a bá ti yan Africa/Lagos fún un.

Ènìyàn kan kì í jẹ́ àwá dé. Bí íntánẹ́ẹ̀tì bá wà, kí a fún chrony ní asọ-àkókò mẹ́ta mìíràn láti ìta tí yóò máa fi ti ilé wé. Bí mẹ́ta bá fohùn ṣọ̀kan tí ọ̀kan yàtọ̀, a ti mọ ẹni tí ó yẹ kí a fura sí. Ohun mìíràn tí ó yẹ kí a mọ̀ ni pé lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀, pàápàá ní sáà oṣù Kẹta àti oṣù Kẹsàn-án, afẹ́fẹ́ òkè réré tí ó wà lókè agbègbè wa a máa mú kí àmì GPS máa ṣẹ́jú. Bí ó bá ṣẹlẹ̀, kì í ṣe pé ẹ̀rọ bàjẹ́.

6. Bí kọ̀ǹpútà ti ń béèrè àkókò

Ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà fi ń béèrè àkókò lọ́wọ́ ara wọn ni a ń pè ní NTP. David L. Mills ti Yunifásítì Delaware ní Amẹ́ríkà ni ó ṣètò rẹ̀, ó sì tẹ àkọsílẹ̀ rẹ̀ jáde ní ọdún 1985. Oṣù Kìíní ọdún 2024 ni ó kú. Ọgbọ́n tí ó wà nínú rẹ̀ ṣeé kọ́ ọmọ ọdún méjìlá.

Ẹ jẹ́ kí a sọ pé aago ilé wa kò dá wa lójú, ṣùgbọ́n aago kan wà lọ́jà tí ó péye. A rán ọmọ kan lọ wò ó. Nígbà tí ó ń jáde, aago ilé wa lu 10:00. Nígbà tí ó dé ọjà, aago ọjà lu 10:08. Kò jáfara, ó padà lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí ó wọlé, aago ilé lu 10:10. Àlọ àti àbọ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú 10. Bí a bá dá a sí méjì, àlọ jẹ́ ìṣẹ́jú 5. Èyí ni pé nígbà tí ọmọ dé iwájú aago ọjà, aago ilé wa lu 10:05. Ṣùgbọ́n aago ọjà sọ pé 10:08 ni. Aago ilé wa fi ìṣẹ́jú 3 falẹ̀.

Ohun tí NTP ń ṣe kò ju èyí lọ, àfi pé ìdá díẹ̀ nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá ni àlọ àti àbọ̀ rẹ̀ nínú ilé. Ṣùgbọ́n kí olùkọ́ tọ́ka sí ibi tí ìṣirò náà ti lè ṣìnà. A gbà pé àlọ àti àbọ̀ dọ́gba. Bí ó bá jẹ́ pé ọmọ náà rìn geere lọ, tí ó sì há sínú èrò ní àbọ̀, ìdáhùn wa kò ní péye mọ́. Bí ó ti ń rí gan-an nìyí lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí ó gba ọ̀nà jíjìn, tí àbọ̀ rẹ̀ lè má gba ọ̀nà tí àlọ gbà. Àǹfààní ẹ́ríàlì orí òrùlé ni pé ó gbé aago ọjà wá sínú ilé. Ọ̀nà di kúkúrú, ìyàtọ̀ àlọ àti àbọ̀ kò sì ní tó ohun tí ń dani láàmú.

Ìpele-ìpele ni a ń to àwọn tí ń sọ àkókò. Aago átọ́ọ̀mù fúnra rẹ̀ wà ní ìpele òdo. Ẹ̀rọ tí ó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ tààrà, bí asọ-àkókò wa, wà ní ìpele kìíní. Àwọn kọ̀ǹpútà ilé tí ó bi í wà ní ìpele kejì. Ìpele kẹẹ̀ẹ́dógún ni ó kẹ́yìn. Ẹni tí ó bá sọ pé òun wà ní ìpele kẹrìndínlógún ń jẹ́wọ́ pé òun kò gbọ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni.

7. Ohun tí ó kan ìdánwò

Àjọ JAMB bẹ̀rẹ̀ sí lo kọ̀ǹpútà fún ìdánwò ní ọdún 2013. Láti ọdún 2015 ni gbogbo olùdíje ti ń lò ó. Àjọ WAEC náà bẹ̀rẹ̀ sí lò ó fún àwọn olùdíje aládàáni ní ọdún 2024. Àwọn ilé-ìwé wa pẹ̀lú ti ń ṣe ìdánwò ìdánrawò lórí kọ̀ǹpútà tiwọn, níbi tí kò sí ẹlòmíràn tí yóò bójú tó aago bí kò ṣe olùkọ́.

Aago inú kọ̀ǹpútà lásán lè sáré tàbí kí ó falẹ̀ tó ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì lójúmọ́. Kò jọ ohun ńlá. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ méjì lójúmọ́, ní àádọ́rùn-ún ọjọ́ tí í ṣe sáà ẹ̀kọ́ kan, ó ti di ìṣẹ́jú 3. Bí ètò ìdánwò bá ń fi aago kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ti ilẹ̀kùn ní aago 11, akẹ́kọ̀ọ́ tí aago rẹ̀ sáré àti èyí tí aago rẹ̀ falẹ̀ lè fi ìṣẹ́jú 6 yàtọ̀ síra nínú yàrá kan náà. Bí bátìrì kékeré inú kọ̀ǹpútà bá sì ti kú, nígbàkúùgbà tí iná bá lọ tí ó dé ni ọjọ́ yóò padà sí ọdún pípẹ́ sẹ́yìn. Irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ kì í lè ṣí ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì tí ó ní ààbò, nítorí pé ìwé-ẹ̀rí ojú ìwé náà ní ọjọ́ tí a fi sí i. Ohùn tí a gbà sílẹ̀ fún ìdánwò alohùn yóò sì ru ọjọ́ tí kò sí ẹni tí ó lè fi jẹ́rìí.

A kò sọ pé gbogbo ilé ni ó gbọdọ̀ gun òrùlé. Ẹni tí íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kì í já lè máa béèrè àkókò lọ́wọ́ àwọn asọ-àkókò ìta, yóò sì péye ju bí ìdánwò ti nílò lọ. Ibi tí íntánẹ́ẹ̀tì ti ń lọ tí ó ń bọ̀ ni ẹ́ríàlì ti ṣe pàtàkì. Ohun tí kò ṣeé fi sílẹ̀ níbikíbi ni kí gbogbo kọ̀ǹpútà tí a fi ń dán ọmọ wò gbọ́ àkókò lẹ́nu ẹnìkan náà.

8. Ọ̀rọ̀ ìperí, àti bí ó ṣe yẹ kí a gba máàkì

Láti ọdún 1970 ni ètò tí Babs Fáfúnwá àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Ilé-Ifẹ̀ ti fi hàn pé ọmọ lè fi Yorùbá kọ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì fún ọdún mẹ́fà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Èdè-ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní ọdún 1984 sì fún wa ní ọ̀rọ̀ fún èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni. Ti ẹ̀rọ kò sí nínú rẹ̀, nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ nìyẹn. Àwa ni yóò ṣe é.

Ìlànà tí a tẹ̀lé nínú àpilẹ̀kọ yìí rọrùn. Ọ̀rọ̀ tí ó ti wà lẹ́nu àwọn ènìyàn, a fi í sílẹ̀: díìṣì, ẹ́ríàlì, wáyà, sátẹ́láìtì. Ọ̀rọ̀ tí kò tíì wà, iṣẹ́ tí nǹkan náà ń ṣe ni a fi sọ ọ́ lórúkọ. Agbàmì ń gba àmì. Asọ-àkókò ń sọ àkókò fún ẹni tí ó bá bi í. Bí a bá pè é ní apínàkókò, òǹkàwé lè rò pé ńṣe ni ó ń dá àkókò sí wẹ́wẹ́. Òòtọ́ ni pé àmì ti ní iṣẹ́ mìíràn lọ́dọ̀ wa, bí àmì ohùn, ṣùgbọ́n kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò ṣi àmì orí ọ̀rọ̀ mú fún àmì tí ó ti ojú ọ̀run wá.

Bí olùdíje bá kọ àròkọ ajẹmọ́-ìsípayá lórí irú ẹ̀rọ báyìí, ìmọ̀ràn wa fún olùdánwò ni kí ó bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè mẹ́ta. Ǹjẹ́ ọ̀rọ̀ tí olùdíje yàn ń sọ iṣẹ́ tí nǹkan náà ń ṣe? Ǹjẹ́ ọ̀rọ̀ kan náà ni ó lò fún nǹkan kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin? Ǹjẹ́ ẹni tí kò ṣe é rí lè tẹ̀lé àlàyé náà láìfo ìgbésẹ̀ kan? Ẹni tí ó kọ ẹ́ríàlì ní àkọtọ́ Yorùbá kò jẹ̀bi ohunkóhun. Ẹni tí ó fo ẹ́ẹ̀tì tí ààrá yóò bá lọ ni ó yẹ kí a yọ máàkì rẹ̀, bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tilẹ̀ jẹ́ ojúlówó Yorùbá.

9. Ìgúnlẹ̀

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé díìṣì ń wo ojú kan, ẹ́ríàlì àkókò ń wo gbogbo ojú ọ̀run. Pé sátẹ́láìtì mẹ́rin ni agbàmì fi ń mọ ibi tí ó wà àti àkókò. Pé ìlù rẹ̀ ni ó péye ju ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Àti pé ọmọ tí a rán lọ wo aago ọjà ti tó láti fi ṣàlàyé bí kọ̀ǹpútà ti ń béèrè àkókò. Kí olùkọ́ tí ó bá ní ààyè gbé àlàyé ọmọ àti aago ọjà yìí lọ sí kíláàsì, kí ó jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi iye mìíràn ṣe ìṣirò náà, kí wọn sì kọ ọ́ sílẹ̀ ní Yorùbá. Kí ìdánwò tí ó ń bọ̀ sì tó dé, kí ó yẹ aago gbogbo kọ̀ǹpútà tí ó wà lábẹ́ àbójútó rẹ̀ wò.